Ọkọ̀ Ojú Irin Pobè Lórí Kọ̀ǹpútà Mi

Òórùn epo pupa ni mo fi ń rántí yàrá àwa olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Adja-Ouèrè. Ẹ̀yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an ni àwọn obìnrin kan ti máa ń se epo. Bí ọ̀sán bá ti ń wọlé, èéfín igi àti òórùn ẹyìn tó ń hó á gba ojú fèrèsé wá bá wa, á wọ ara ìwé, á wọ ara aṣọ, títí tí ọkọ mi fi máa ń sọ pé òun ò nílò láti béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Tábìlì gígùn kan wà nínú yàrá náà tí a fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè. Ìdí tábìlì yẹn ni èmi àti olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ti lo odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan, tí à ń jiyàn lójoojúmọ́ lórí eré kọ̀ǹpútà kan tí àwa méjèèjì kò tíì fojú rí.

Eré awakọ̀ ojú irin ni. Bóyá o ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù. O máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ojú irin á là gbọọrọ níwájú rẹ, igbó àti ilé á máa sá lọ sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì. Ìwọ lo máa fun fèrè, ìwọ lo máa fa ìjánu, ìwọ lo máa mú ọkọ̀ dé ibùdókọ̀ ní àsìkò tó yẹ láì jẹ́ kí ó gbọ̀n jìgìjìgì. Inú kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo rà ní Cotonou ni mo ti bá èyí àtijọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín gbàgbé láti pa á rẹ́. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan pé kí n wo ohun tó jẹ́, ó sì gbé mi lọ pátápátá. Kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni mo fi ń jẹun, mo sì rí i pé ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí, tó ń sáré tó báyìí, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó rí báyìí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìjánu? Bí mo bá mú un dúró gẹ́lẹ́ síwájú ibùdókọ̀, inú mi á dùn bí ẹni pé èsì ìdánwò ọmọ mi ló jáde.

Olùkọ́ jọ́gíráfì yìí ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wá. Ọmọ ìdílé Mùsùlùmí ni láti ìgboro Adja-Ouèrè, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rìn láìsí máàpù kan ní abíyá. Ó wọlé lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwọn tó ń ṣe eré yẹn ti kéde pé tuntun ń bọ̀. Wọn ò sọ púpọ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n gbé jáde, ojú irin tó wọ inú kùrukùru lọ.

"Màdáàmù, ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Mo ní ojú irin ni mo rí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Gbogbo ayé lẹ rí yẹn."

Báyìí ni iyàn wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó gbà pé àwòrán tí wọ́n ń yà láti òfuurufú ni wọ́n máa fi ṣe ilẹ̀ inú eré tuntun náà, pé gbogbo òkè àti àfonífojì ayé ni yóò wà níbẹ̀, kódà ọ̀nà ẹlẹ́rùpẹ̀ pupa tó lọ sí Oko-Akarè. Èmi ní kò dá mi lójú. Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n máa jẹ́ kí àwa tó ń ṣeré náà fi ọwọ́ ara wa tẹ́ ojú irin tiwa, bó ṣe wà nínú èyí tí mo ní. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa fi ojú irin tóóró sí i, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan, irú èyí tó wà nílẹ̀ wa, nítorí pé ti Yúróòpù tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé eruku ọyẹ́ máa bo gíláàsì iwájú ọkọ̀? Ṣé òjò àkọ́rọ̀ máa mú kí irin yọ̀? Ṣé èrò máa ru agbọ̀n wọlé, àbí báàgì kékeré ọwọ́ nìkan ni wọ́n máa gbé? Ṣé kọ̀ǹpútà àlòkù bíi tèmi á lè gbé e? Kò sí ẹni tó mọ ohunkóhun nínú àwa méjèèjì, ìyẹn gan-an ló sì dùn nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ yòókù á máa wò wá bí ẹni tó ń wo tọkọtaya tó ń jà.

Fọ́róọ̀mù kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ti ń pàdé, èdè Faransé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò wà nínú èyí tó ń bọ̀. Ẹnìkan ń fẹ́ òkè tí yìnyín bò, ẹnìkan ń fẹ́ ọkọ̀ ayára-bí-àṣá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi náà kọ tèmi. Mo béèrè bóyá wọ́n rò pé àyè máa wà fún ojú irin tóóró, kí a lè rí ọ̀nà Porto-Novo sí Pobè, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà láyé àtijọ́, wà. Ọkùnrin kan dáhùn kíákíá: "Ní orílẹ̀-èdè tí kò sí ọkọ̀ ojú irin, kí lẹ fẹ́ máa wà?" Àwọn èèyàn sì to àwòrán ẹ̀rín jọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní n kò ní fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá tó bí mi wọ ọkọ̀ yẹn. Ó máa ń gbé ẹ̀pà àti àgbàdo lọ tà ní Porto-Novo, ó sì máa ń sọ fún wa bí afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé rẹ̀ ṣe ń já gèlè. Ẹnìkan tó jókòó sí ibi tí n kò mọ̀ wá ń sọ pé kò sí. Mo gbé fóònù padà, mo kọ gbólóhùn kan péré: "Ẹ dúró dè mí." Lójú ẹsẹ̀ ni mo pinnu pé inú eré àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni màá ti tẹ́ ọ̀nà Pobè, kí ó lè wà nílẹ̀ kí tuntun tó dé.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ojú irin náà ti di igbó. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti olùkọ́ jọ́gíráfì gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí apá Pobè, a sọ̀ kalẹ̀, a sì ń fẹsẹ̀ wá ibi tí irin gbà kọjá. Níbì kan, a rí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ koríko. Níbòmíràn, oko ẹ̀gẹ́ ni. Níbòmíràn, ẹnìkan ti kọ́ ilé sórí rẹ̀ tán, ó ń sá aṣọ. Mo ń fi ìgbésẹ̀ wọn ibi tí ọ̀nà ti yí, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo ẹni tó rí wa ló ń béèrè bóyá ilẹ̀ la fẹ́ rà. Ọkùnrin kan tó fi sòkòtò iṣẹ́ kọ́ ọrùn tiẹ̀ sọ fún wa, pẹ̀lú ìdánilójú, pé ọkọ̀ ojú irin ò débẹ̀ rí, pé ìtàn àwọn arúgbó ni. Orí òkúta ojú irin ni ó dúró sí tó fi ń sọ ọ́.

Ìyẹn ló mú wa wá bàbá kan kàn ní Massè. Olùkọ́ jọ́gíráfì ló gbọ́ nípa rẹ̀. Oríta kan tí ojú irin ti gé ọ̀nà mọ́tò kọjá nísàlẹ̀ Pobè ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń ti ọ̀pá dí ọ̀nà, tó máa ń gbé àsíá sókè kí ọkọ̀ tó kọjá, títí ọjọ́ tí wọ́n sọ pé ọkọ̀ ò ní wá mọ́. Ó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ. A bá a níwájú ilé, ó kọjú sí oko ọ̀pẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó kan gba gbogbo àgbàlá. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sọ ohun tó gbé wa wá.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?" ó béèrè.

"Eré ni, Bàbá," mo dáhùn. "Eré orí kọ̀ǹpútà."

Ó yíjú sí mi. "Mo dúró sí oríta yẹn nínú òjò, mo dúró síbẹ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ wá ń pè é ní eré. Ẹ máa lọ."

Lójú ọ̀nà, olùkọ́ jọ́gíráfì ní ó yẹ kí n ti sọ pé ìwádìí ni. Mo ní n kò lè purọ́ fún arúgbó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo dá padà lọ, mo gbé kọ̀ǹpútà dání. Mo kí wọn, n kò ṣàlàyé kankan. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, mo ṣí eré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀. Kò yíjú. Ó ń wo ọ̀pẹ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé oríta kan nínú eré náà, mo fun fèrè.

"Fèrè yẹn kì í ṣe tiwa," ó ní, láìyíjú.

"Báwo ni tiyín ṣe ń dún, Bàbá?"

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ẹnu, ó fun ún: ẹ̀ẹ̀mejì gígùn, ẹ̀ẹ̀kan kúkúrú. Adìyẹ tú ká. Ọmọ rẹ̀ sáré jáde lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú igbá tó fi ń ro gàrí lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń wo bàbá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní kékeré lòun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá náà ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń rọra rìn nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ó sọ kọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ti máa ń fò bọ́ọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀, torí pé ọjà súnmọ́ ibẹ̀ jù. Ó ní òun máa ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ irin, òun á sì ti mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ kí etí tó gbọ́. Bí mo bá gbé nǹkan kan sí ibi tí kò yẹ, á fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ahéré mi kò sí lọ́tùn-ún. Òsì ló wà." Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ ó rí ìyẹn. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó wa ọkọ̀ náà rí. Ó mi orí. "Ọ̀nà ni mo ń ṣí fún un. Wọn ò jẹ́ kí irú wa débi tí wọ́n ti ń wà á."

Àárín gbogbo èyí ni mo kó sí wàhálà níbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń tún fèrè bàbá náà ṣe nínú eré, mo ki nǹkan bọ etí kí n má bàa dí àwọn èèyàn lọ́wọ́. Agogo lù, n kò gbọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó, wọ́n ń retí mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, dirẹ́kítọ̀ wa ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí padà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi, irú ìwé tí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kì í fẹ́ rí, èyí tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo pa iṣẹ́ tì nítorí eré ọmọdé tí kò yẹ olùkọ́, tí kò sì yẹ abiyamọ.

Olùkọ́ àdéhùn ni mí nígbà náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún àdéhùn wa ṣe, ohun tí dirẹ́kítọ̀ bá sì kọ nípa èèyàn ṣe pàtàkì gan-an. Olùkọ́ jọ́gíráfì bẹ̀ mí pé kí n kọ ìlà kan péré, kí n tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀ nílé. "Kọ ọ́ pé o ti jáwọ́."

"Ṣé o fẹ́ kí n jáwọ́ ni?" mo bi í.

"Rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìwé, "kò yẹ abiyamọ," n kò lè kọ ìlà kan péré yẹn. Àwọn ọkùnrin ń ta ayò lábẹ́ igi láti ọ̀sán títí ìrọ̀lẹ́ ní ìlú yìí, n kò rí ẹni tó kọ̀wé sí wọn pé kò yẹ bàbá ọmọ. Mo mú bíìkì, mo kọ ọ́ báyìí: "Mo pẹ́ dé kíláàsì. Mo tọrọ àforíjì fún pípẹ́ náà, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní ti ọkọ̀ ojú irin, n kò tọrọ àforíjì kankan." Lẹ́yìn náà, mo fi ojú ìwé kan gbáko kọ ìṣirò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ìyípo ọ̀nà Pobè sábẹ́ rẹ̀, mo sì pè é pé kó wá wò ó.

Kò wá wò ó. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Màdáàmù, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ kọ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mùsíè dirẹ́kítọ̀."

"Ẹ ṣì lè yí i padà. Ìwé nìyí, bíìkì nìyí."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo ti kọ ohun tí mo ní láti kọ."

Wọ́n tún àdéhùn mi ṣe lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n dirẹ́kítọ̀ gba kíláàsì àwọn tó máa ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́ mi, ó fún ẹlòmíràn. Kíláàsì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí. Mo máa ń gba iwájú wọn kọjá, màá gbọ́ tí olùkọ́ mìíràn ń ṣàlàyé ohun tí mo lè fi ojú dídì ṣàlàyé, màá sì mú ẹsẹ̀ yá.

Eré tuntun náà wá jáde nígbẹ̀yìn. Olùkọ́ jọ́gíráfì ló ra mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. A jókòó sídìí tábìlì wa, a ń kà. Ojú irin ìlú òyìnbó díẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Kò sí ojú irin tóóró. Kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti tẹ́ tirẹ̀; èyí tí àwọn fúnra wọn bá ṣe nìkan ni èèyàn lè wà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kí a lò sì lágbára ju tèmi lọ fíìfíì. Olùkọ́ jọ́gíráfì ká máàpù rẹ̀, ó tún un ká títí tó fi kéré. Òun ló gbàgbọ́ jù nínú àwa méjèèjì.

"Wọ́n gbàgbé wa," ó ní.

Inú bí mi débi pé mo dìde. "Wọn ò gbàgbé wa. Wọn ò mọ̀ wá rí ni. Àwọn ò ní ọ̀nà Pobè. Àwa la ni í, ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà yìí."

Ó ki máàpù bọ àpò. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin mọ́. Mo dá iṣẹ́ náà ṣe lọ. Mo gba ohùn ọmọ bàbá náà sílẹ̀ sórí fóònù, kí ó lè jẹ́ òun ni yóò máa kéde ibùdókọ̀ fún èrò. Mo ní kó sọ ọ́ ní Faransé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Ó wò mí. "Ta ló fẹ́ gbọ́ Faransé níbẹ̀?" Ọ̀họ̀rí, èdè wa, ló fi sọ ọ́, bó ṣe máa ń pe oníbàárà gàrí rẹ̀ lọ́jà gan-an.

Nígbà tí ọ̀nà náà pé, mo gbé e lọ sí Massè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Mo bẹ olùkọ́ jọ́gíráfì títí tó fi tẹ̀ lé mi. Oòrùn mú, ojú kọ̀ǹpútà ò hàn dáadáa, ọmọ bàbá náà bá tú ìró kan, ó fi ṣíji bò wá. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi mẹ́ta tí bàbá náà máa tẹ̀: ìrìn, ìjánu, fèrè. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó gbé ìka lé e bí ẹni tó ń tọwọ́ bọ omi gbígbóná.

Ọkọ̀ gbéra. Kò sáré. Ó ń fun fèrè níbi gbogbo tó yẹ kó fun ún, ó ń rọra rìn níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Nígbà tó dé oríta tirẹ̀, ahéré náà wà lósì, mo sì ti fi ọkùnrin kékeré kan síbẹ̀ tó gbé àsíá sókè. Bàbá náà yọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó kí i. Ìró tó wà lókè orí wa ń gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin náà jáde nínú kọ̀ǹpútà, ó ń kígbe pé a ti dé Pobè o, kí oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀. Bàbá mú ọkọ̀ dúró gẹ́lẹ́.

"Kí ló dé tí kò lọ mọ́?" ó béèrè.

"Ibẹ̀ ni irin parí sí, Bàbá."

"Yí i sápá òsì. Mú un wá sílé."

"Ojú irin ò wá sí Massè rí, Bàbá."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣebí ẹsẹ̀ ni mo fi ń ti ibí lọ síbi iṣẹ́."

Mo la ẹnu pé kí n sọ fún un pé ohun tó wà rí ni a ń ṣe, pé a ò lè fi ohun tí kò sí kún un. Ṣùgbọ́n mo ro ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Gbogbo ọdún tó fi ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Ta ni mo fẹ́ máa jẹ́ olóòótọ́ sí? Mo yíjú sí olùkọ́ jọ́gíráfì. Ó ti fa máàpù rẹ̀ yọ, ó ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní tí wọ́n ń sá gàrí sí, ó ń fi ìka wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú láti Pobè wá sí Adja-Ouèrè.

Oṣù púpọ̀ la fi tẹ́ ẹ. Ó gba Adja-Ouèrè, ó gba Massè, ó dé Oko-Akarè. Àwọn obìnrin inú eré náà ru gàrí wọlé, wọ́n ru epo wọlé. Mo fi gbogbo rẹ̀ sórí fọ́róọ̀mù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí alábòójútó ibẹ̀ fi kọ̀wé sí mi. Ó ní ọ̀nà Pobè dára, ó yìn ín gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó lọ sí Oko-Akarè kò sí láyé. Òfin wọn ni pé kí n kọ "àròsọ" sára rẹ̀, tàbí kí n gé e kúrò. Mo dá a lóhùn pé n kò ní gé e, n kò sì ní kọ àròsọ. Mo kọ sára rẹ̀ pé: "Kò tíì sí." Ó yọ ọ́. Mo dá a padà. Ó tún yọ ọ́, ó sì tì mí mọ́ta. Olùkọ́ jọ́gíráfì ní kò burú, ó kó o sórí kíléè, irin kékeré tí wọ́n fi ń gbé nǹkan láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn, ó ń pín in fún ẹni tó bá fẹ́, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé Cotonou. Nígbà tó yá, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí gbé e padà sórí fọ́róọ̀mù náà. Kò yọ ohun tí mo kọ sára rẹ̀.

Ojú bàbá náà ti lọ tán báyìí. Etí ló fi ń wa ọkọ̀ náà nígbà tí mo bá lọ kí wọn, ó sì máa ń mú un dúró dáadáa ju èmi lọ. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí mo fi jẹ́ kí kíláàsì tí mo fẹ́ràn bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní eré. Ohun tí mo rí ni pé títí di ìgbà yẹn, gbogbo iyàn tí mò ń jà sídìí tábìlì wa, ẹ̀bẹ̀ ni. Mò ń bẹ àwọn tí kò mọ orúkọ ìlú mi pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi mí sí i. Arúgbó Massè ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ọkọ̀ wá sílé, ó sì retí pé kó wá.

Wọ́n tún ti kéde òmíràn láìpẹ́ yìí. Àwọn èèyàn tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò wà nínú rẹ̀, èmi náà ń gbọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá béèrè èrò mi, mo máa ń sọ fún un pé n kò mọ ohun tí àwọn máa fi sí i. Tèmi ni mo mọ̀. Mo ti tẹ́ irin kọjá Oko-Akarè, ìhà Kétou ni mo kọjú sí báyìí, ilẹ̀ ibẹ̀ dára, ọjọ́ díẹ̀ sí i ni irin á dé ibẹ̀.